Kókó Tí Kò Dunni Ló Pa Oníbàárà Mi

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa gbé èdè wa lárugẹ. Aránṣọ ni mí nítòsí Ọjà Ọba ní ìlú Àkúrẹ́, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọn àyà àwọn obìnrin fún bùbá àti búláòsì. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn ni mo fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ, pàápàá jù lọ àkókò tí ó wà láàárín ọjọ́ tí ọwọ́ kọ́kọ́ kan kókó àti ọjọ́ tí obìnrin náà dé iwájú dókítà, nítorí pé inú àlàfo yẹn gan-an ni mo ti rí i tí ẹ̀mí ṣòfò.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, oníbàárà mi kan, ìyá ìbejì tí kò ju ẹni ọdún 42 lọ, gbé búláòsì léèsì tí mo rán fún un padà wá. Ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní apá òsì ń há òun lábíyá, kí n bá òun tú u díẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo wọ̀n ọ́n, apá ọ̀tún sì ṣe rẹ́gí lára rẹ̀. Mo fa téèpù gba abẹ́ abíyá rẹ̀, àtàǹpàkò mi sì kan ohun kan ní ẹ̀gbẹ́ ọyàn náà. Ó le bí èkùrọ́, kò sì yẹ̀ nígbà tí mo tì í. Mo bi í pé kí ni èyí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀, ó ti ṣe díẹ̀ tó ti wà níbẹ̀, kò dùn mí rárá. Ṣebí tó bá jẹ́ àìsàn, á máa dùn mí ni.” Mo gbà á gbọ́. Mo mú abẹ, mo tú ojú rírán náà, mo jẹ́ kí aṣọ náà fẹ̀ sí i ní ìwọ̀n ìka méjì, mo sì rán an padà. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, ó jó.

Lẹ́yìn náà ni ó lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ kan, tí ìyẹn fún un ní àgbo mímu àti èyí tí yóò máa fi pa ọyàn náà. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ní ilé àdúrà kan, níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé ọfà ni wọ́n ta sí òun láti ilé ọkọ. Nígbà tí yóò fi dé ilé ìwòsàn, ó ti di oṣù kẹsàn-án, orí ọmú náà ti wọnú, awọ ara ibẹ̀ ti rí bí èèpo ọsàn, egbò sì ti yọ. Àwọn dókítà ní ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Kò lo ọdún kan mọ́. N kò kọ èyí láti di gbogbo ẹ̀bi ru ẹlẹ́wé ọmọ tàbí wòlíì, nítorí pé ọwọ́ tèmi ni ó ṣáájú tiwọn kan kókó náà, abẹ ni mo sì fi dá a lóhùn.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, tí mo ti wá fi ara balẹ̀ kọ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà, ni pé jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọyàn fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ kọjá bí ó ti yẹ, tí wọ́n di kókó. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn a gba ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti omi ara lọ sí abíyá, egungun, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Kì í ṣe ọfà, kì í sì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Kì í ṣe owó tí a ń kì sínú kọ́mú ní ọjà ni ó ń fà á, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe gbà gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kọ́mú fúnra rẹ̀. Kókó nìkan kọ́ sì ni àmì rẹ̀: bí ọyàn kan bá ṣàdédé tóbi tàbí yí ìrísí padà, bí awọ ara rẹ̀ bá ń sun jọ tàbí tí ó jìn kòtò, bí orí ọmú bá wọnú nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé obìnrin náà ń fún ọmọ lọ́yàn, tàbí tí nǹkan le sí i lábíyá, ó yẹ kí dókítà rí i.

Ní ọdún 2022 nìkan, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde, obìnrin tí ó tó 2,300,000 ni wọ́n rí àrùn yìí lára wọn ní gbogbo ayé, ó sì pa nǹkan bí 670,000. Ní àwọn ilẹ̀ olówó, nínú obìnrin 100 tí ó ní in, ó ju 90 lọ tí ó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Lára ohun pàtàkì tí ó mú tiwọn yàtọ̀ sí tiwa ni pé wọ́n ń rí i nígbà tí ó ṣì kéré, wọ́n sì ń rí ìtọ́jú gbà dé òpin. Ọkùnrin pàápàá ń ní in, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ènìyàn 100 tí ó ní àrùn náà, agbára káká ni a fi lè rí ọkùnrin kan.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù pé kò sí i nínú ìdílé àwọn. Lóòótọ́, bí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni lóbìnrin bá ti ní in, pàápàá nígbà tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó yẹ kí ènìyàn tètè sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n nínú obìnrin 100 tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn, àwọn tí ó jogún rẹ̀ tààrà láti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé kò ju 5 sí 10 lọ. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń ní in ni a kò lè tọ́ka sí ohun kan pàtó lára wọn ju pé wọ́n jẹ́ obìnrin, wọ́n sì ti lé ní ogójì ọdún. Ní tiwa, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ dúró di ogójì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di àgbà dókítà ní Chicago, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìwádìí lórí ohun tí ó fà á tí jẹjẹrẹ ọyàn fi máa ń tètè mú àwọn obìnrin adúláwọ̀, tí èyí tí ó le gan-an sì fi pọ̀ láàárín wa. Nítorí náà, kí ọmọ ọdún 30 má ṣe sọ pé àrùn àwọn àgbà ni.

Àwọn ohun kan wà tí ó ń dín ewu rẹ̀ kù. Fífún ọmọ lọ́yàn wà lára wọn, bí ó bá sì ṣe pẹ́ tó ni àǹfààní rẹ̀ ń pọ̀ tó. Kí á sá fún ọtí, kí á máa rìn, kí á má sì jẹ́ kí ara sanra ju bí ó ti yẹ lọ, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró. Ṣùgbọ́n èmi kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ìyá ìbejì tí mo ń sọ yìí kò fẹnu kan ọtí rí, ó sì fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́yàn fún ọdún kan àtààbọ̀. Ohun tí ó lè gbà á là ni kí ó tètè lọ.

Mo ti rí ẹni tí ó tètè lọ. Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 19, rí kókó kan tí ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, ó sì sunkún di òwúrọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo mú un dání. Ní ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ, a jókòó láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, wọ́n wá ní kí á padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nígbà tí a padà dé, kọ́tìnnì tí wọ́n fà kò dé ìdajì ẹnu ọ̀nà; àwọn tí ó jókòó sí ìta ń rí ọmọ ọlọ́mọ tí ó bọ́ aṣọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.” Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí n gbà fún un. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló dìde, tí ó fi ìró ara rẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Wọ́n ṣe síkáànù fún un, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún wa pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ kókó inú ọyàn rí, wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ wa kò lè dá èyí tí ó jẹ́ ẹ mọ̀ yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú un lọ yẹ̀ wò kì í sì í mú kí ó ràn ká, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù.

Ìbẹ̀rù abẹ tún wà, mo sì mọ̀ pé kò kéré. Ọkọ ìyá ìbejì sọ ní ojú mi pé kí wọ́n má gé ọyàn ìyàwó òun. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé bí kókó bá ṣì kéré, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ kókó náà nìkan kí wọ́n sì dá ọyàn sí, kí wọ́n wá fi oògùn àti ìtọ́jú ìtànṣán tì í lẹ́yìn. Àwa ará Ìpínlẹ̀ Òǹdó kò sì lè sọ pé a kò rí ẹni tí ó là á já. Arábìnrin Betty Anyanwu-Akérédolú, ìyàwó gómìnà wa tẹ́lẹ̀, olóògbé Rótìmí Akérédolú, ní jẹjẹrẹ ọyàn, ó sọ ọ́ ní gbangba, ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní ọdún 1997 láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀.

Olóòtú, ohun tí ó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Kì í ṣe dókítà ni obìnrin wa kọ́kọ́ ń fi ọyàn hàn. Aránṣọ ni, ẹlẹ́wé ọmọ ni, ìyá ìjọ ni, ẹni tí ń ta kọ́mú ní ọjà ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ yìí sì ti lo irú ọgbọ́n yìí rí. Lábẹ́ Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, tí ó jẹ́ gómìnà nígbà náà, ètò Abíyè fún ìlera aláboyún àti ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní ọdún 2009, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sì ṣí ní Àkúrẹ́ ní ọdún 2010. Síbẹ̀, aláboyún kò yé lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbẹ̀bí àti ilé ìgbẹ̀bí inú ìjọ. Ìjọba kò wulẹ̀ bú àwọn wọ̀nyí. Wọ́n dá ètò Àgbẹ̀bíyè sílẹ̀, wọ́n ń fún ẹni tí ó bá darí aláboyún sí ilé ìwòsàn ní owó díẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ mìíràn tí wọn yóò máa fi jẹun. Ẹni tí à bá kà sí ìdíwọ́ wá di afinimọ̀nà.

Kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọyàn? Kí wọ́n pe ẹgbẹ́ aránṣọ, onídìrí, ẹlẹ́wé ọmọ àti àwọn ìyá ìjọ pẹ̀lú àwọn ìyá àsàlátù, kí wọ́n fi òwúrọ̀ kan kọ́ wa ní àmì tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí, kí wọ́n sì fún wa ní káàdì tí obìnrin yóò mú lọ tààrà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tí ń retí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 2021, ní kò yẹ kí ó ju ọjọ́ 60 lọ láti ìgbà tí obìnrin bá ti gbé ọ̀rọ̀ ọyàn rẹ̀ dé ilé ìwòsàn títí wọn yóò fi mọ ohun tí ń ṣe é. Kí àwọn nọ́ọ̀sì máa yẹ ọyàn ìyá wò ní ọjọ́ tí ó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí pé ó ti wà níbẹ̀ ná, kò tún san owó ọkọ̀ mìíràn. Kí wọ́n jẹ́ kí mamógíráàmù, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọyàn tí ó sì ń rí ohun tí ọwọ́ kò tíì lè mọ̀, wà ní àrọ́wọ́tó àwọn tí ó ti pé ogójì ọdún, kí wọ́n lè máa ṣe é ní ọdún méjì-méjì. Kí wọ́n sì ra kọ́tìnnì tí ó dé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì yìí kò kéré lójú mi rárá.

Ní ti àwọn obìnrin tí ń ka ìwé yìí, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti parí, nígbà tí ọyàn kò wú mọ́, ẹ dúró níwájú dígí, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ wò ó, kí ẹ sì fi pẹlẹbẹ ìka mẹ́ta yẹ gbogbo rẹ̀ dé abíyá. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró lè mú ọjọ́ kan pàtó nínú oṣù. Kò dípò dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí ọyàn rẹ̀ ti ń rí ni yóò tètè mọ ìgbà tí ó yàtọ̀.

Láti ọdún tí oníbàárà mi ti kú ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin kí n tó tú aṣọ apá kan fún un, mo sì ti tẹ̀ lé mẹ́rin lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ wa ti gbà láti máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ wa. Ìpàdé wa kì í yẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, obìnrin tí ó lé ní ọgọ́rin ni ó sì ń jókòó síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni a ń tọrọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Aránṣọ,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.