Ẹ fi pátákó náà lé àwọn ọmọ lọ́wọ́

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo rí fọ́tò kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ṣí pátákó ìgbàlódé, irú èyí tó dà bí kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń fi ìka kọ̀wé sí, nílé-ìwé kan. Àwọn èèkàn ìlú tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé ẹnì kan rántí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n mo wo fọ́tò náà títí, n ò rí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó fọwọ́ kan pátákó ọ̀hún. Òun ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 níbí n'Íbàdàn. Ọdún méjìdínlógún rèé tí eruku ṣọ́ọ̀kì ti ń bà sí mi láṣọ. A ò ní pátákó olówó ńlá. Tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tí ẹgbẹ́ òbí dáwó rà la ní, ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ló sì ń lò ó, mẹ́rin-mẹ́rin sídìí ọ̀kan. Orí rẹ̀ la ti ń ṣí pátákó ayélujára tí gbogbo wọn lè kọ̀wé sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ọmọ tó wà lójú fèrèsé bá kọ, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń rí i lójú ẹsẹ̀, èmi náà ń rí i lórí fóònù mi.

Lọ́jọ́ kan, mo kọ gbólóhùn yìí sí i láìfi àmì sí i: “Iya Ade n lo si oko pelu oko re.” Mo ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ kìíní kọ “Ìyá Adé ń lọ sí oko pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀.” Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ ni ẹgbẹ́ kẹta kọ “ọkọ̀ rẹ̀”, wọ́n ní ta ló tún ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Àwọn kan kọ “ọkọ rẹ̀”, tọkọtaya ni wọ́n jọ ń lọ. Ìgbà tí àwọn ẹ̀yìn kíláàsì kọ “ọ̀kọ̀ rẹ̀” ni ariwo sọ. Wọ́n ní irọ́ ni, obìnrin wo ló ń gbé ọ̀kọ̀? Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ dìde. Ó ní ọdẹ ni bàbá ìyá òun ní Ṣakí, ọ̀kọ̀ ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn títí di òní, ìyá àgbà sì máa ń mú un dání bó bá ń lọ sóko, nítorí ejò. Kíláàsì parọ́rọ́. Gbogbo wọn ń wo ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú pátákó, kò sì sí èyí tó jẹ́ àṣìkọ nínú wọn.

Ká ní ojú pátákó dúdú ni, ọmọ kan ni ǹ bá pè jáde. Yóò kọ “ọkọ́”, èmi yóò fi àmì “ó dáa” sí i, àwọn yòókù yóò sì dà á kọ. Ọ̀kọ̀ ìyá àgbà kò ní jáde síta.

Ẹ wo àǹfààní mìíràn tí ẹni tó ń kọ́ni ní Yorùbá nìkan ló lè tètè rí. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù fóònù kì í fẹ́ gbé ẹ àti ọ wa pẹ̀lú àmì ohùn. Ìka ọmọ kò mọ ìyẹn. Ó fi ìka fa àmì dò sókè ọ̀, ó tọ́ kiní kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tán. Bó bá ṣì í, á pa á rẹ́, á tún un fà.

Pátákó ńlá tí wọ́n kàn mọ́ ògiri kò lè gba gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Ẹnì kan tàbí méjì ló lè dúró sídìí rẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fowó ra irú rẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé girama ní London láàárín 2003 sí 2004. Nígbà tí àwọn olùwádìí tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 2007, wọn ò rí i kó mú máàkì àwọn ọmọ gòkè ní ọdún àkọ́kọ́ lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Wọ́n tún rí i pé ní kíláàsì àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún, ṣe ni ó lè fa ẹ̀kọ́ sẹ́yìn, nítorí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò lọ sídìí pátákó. Àwọn tó lówó ti dán an wò ṣáájú wa.

Owó rẹ̀ náà ń kọ́? Google gbé irú pátákó ìgbàlódé kan tó ń jẹ́ Jamboard jáde ní 2017, ó fẹ̀ ní ínǹṣì 55, iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 5,000. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024, wọ́n kógbá rẹ̀ sílé. Kí iṣẹ́ àwọn ọmọ má baà bá irú èyí lọ, ohun tí mo ń ṣe nìyí: bí sáà bá ti ń parí, mo ń sọ ojú ìwé àwọn ọmọ di PDF, mo sì ń tẹ àwọn tó dára jù jáde lé ògiri.

Ní 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tábúlẹ́ẹ̀tì tó kún fún ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, tí kò sì nílò dátà. Mo gbóríyìn fún èrò yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé àdákà ni. Ohun tí mo ń sọ yìí, àjọkọ ni.

Ìṣòro wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn kan pa iṣẹ́ ẹlòmíràn rẹ́, ẹnì kan sì kọ èébú láìfi orúkọ sí i. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Iná? Ilé mi ni mo ti ń ṣáájì wọn. Dátà? Tèmi ni, kò sì pọ̀ tó ti fídíò rárá. Excalidraw, ọ̀kan nínú irú pátákó ayélujára yìí, wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní kí ọmọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ènìyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà kan nínú kíláàsì, tí tábúlẹ́ẹ̀tì yóò so mọ́ láìjẹ dátà.

Mo bẹ ẹgbẹ́ òbí, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àti àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́: kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń ta pátákó náà pé ọmọ mélòó ló lè kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ní méjì, ẹ fi owó yẹn ra tábúlẹ́ẹ̀tì àti sólà kékeré tí yóò máa ṣáájì wọn, kí ẹ sì yọ díẹ̀ sílẹ̀ láti fi kọ́ àwa olùkọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Yorùbá kan, Ìbàdàn.