Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ẹ̀yìn ni kó o wò

Istanbul,
ọ̀sán Sọ́ńdè

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìsẹ́yìn? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé? Bá mi kí wọn gan-an ni.

Àwọn ló wá sí mi lọ́kàn lánàá nígbà tí mo wọ Kapalıçarşı. Ọjà tí wọ́n fi òrùlé bò látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni. Nǹkan bí ọdún 1455, ọdún méjì lẹ́yìn tí Sultan Mehmed Kejì gba ìlú yìí, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Òpópónà 61 ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀bù sì lé ní 4,000. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọnù. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo já sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta rọ́ọ̀gì.

Bàbá àgbà kan ń fi abẹ́rẹ́ tún etí rọ́ọ̀gì ṣe. Mo ní "Kolay gelsin." Ohun tí wọ́n fi ń kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an! Èmi tí mo ti rò pé àwa nìkan la ní in. Ojú bàbá là, wọ́n fa àpótí fún mi, tíì sì dé. Àbẹ̀kẹ́, má mu tíì yẹn tó ò bá fẹ́ rajà o. Ife kékeré tí ìbàdí rẹ̀ fún ni, àmọ́ tó o bá ti mu ún tán, ojú á máa tì ẹ́ láti dìde.

Wọ́n dojú rọ́ọ̀gì kan dé, wọ́n ní ẹ̀yìn ni kí n máa wò. Èyí tí wọ́n bá fọwọ́ ṣe, ọnà tó wà lójú rẹ̀ náà ló máa hàn kedere lẹ́yìn. Wajawaja etí rẹ̀ sì rèé, òwú tí wọ́n ti ta látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ti ẹ̀rọ, ńṣe ni wọ́n máa ń rán tiẹ̀ mọ́ ọn. Kókó ni wọ́n ń ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí òwú méjì, wọ́n á gé e, wọ́n á tún ta òmíràn. Mo ní kí n ka ti ibi tí kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, ojú mi ṣú kí n tó kà á dé ìdajì. Iṣẹ́ bàbá tiwa yá ju èyí lọ, ṣùgbọ́n má sọ fún wọn pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Owó rọ́ọ̀gì ju agbára mi lọ. Kilim ni mo rà, èyí tí wọ́n hun pẹlẹbẹ bí aṣọ, tí kò ní irun lójú. Mo dá a sí ìdajì, bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n tún pe tíì. Nígbà tí mo sanwó tán, wọ́n ní "Güle güle kullan", pé kí n máa fi ẹ̀rín lò ó. Àṣé wọ́n ní "wàá lò ó gbó" náà!

Mo ra lokum tí gbogbo ayé ń pariwo. Ṣúgà àti sítáàṣì àgbàdo ni wọ́n sè títí tó fi dì. Ẹ̀kọ ni jàre, ẹ̀kọ tó fẹ́ ọkọ olówó. Ata Urfa wọn dudu, ó ń rùn bí èéfín, kò sì ta tó nǹkan kan.

Ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé á gbé kilim náà wá fún yín. Kí bàbá dojú rẹ̀ dé, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, sọ fún mi. Má ṣáà jẹ́ kí màmá mi gbọ́.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́