Ẹ̀sùn Lórí Òrùlé Asbestos Tí Ẹ Fi Àjà Bò Mọ́lẹ̀

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìkọ́lé,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Mò ń kọ̀wé yìí nítorí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ wa ní Ìlúpéjú, tí a gbé fún yín kí ẹ sọ di ọ́fíìsì. Ó wà nínú àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí pé ẹ máa ṣí gbogbo páànù asbestos àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì fi páànù tuntun rọ́pò rẹ̀. A ti san owó iṣẹ́ yẹn tán. Àfi ìgbà tí oníná wa gun àkàbà lọ wo wáyà kan lókè, tó bá páànù asbestos náà níbi tó wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àjà POP funfun lẹ kàn fi bò wá lójú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ tún dá ihò sí i lára. Gbogbo ibi tí páìpù ẹ̀rọ amúlétutù gbà jáde ni wọ́n ti fi dírìlì lu ú ní gbígbẹ. Etí àwọn ihò náà ṣì rí wúruwùru, fọ́nrán funfun tín-ín-tín yọ lára rẹ̀. Láràárọ̀ ni ọmọbìnrin tó ń bá wa tọ́jú ọ́fíìsì ń nu eruku kúrò lórí tábìlì àti kọ̀ǹpútà, ìgbálẹ̀ gbígbẹ ló sì fi ń gbá tilẹ̀. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé mọ̀ pé asbestos tí kò fọ́, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ewu rẹ̀ kéré. Ìgbà tí wọ́n bá gé e, tí wọ́n lu ú tàbí tí wọ́n fọ́ ọ ni wàhálà dé. Fọ́nrán tí ojú ò lè rí á bọ́ sínú afẹ́fẹ́, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, á sì jókòó síbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo oríṣi asbestos ló ń fa jẹjẹrẹ, ó sì lè tó ọdún 20 sí 40 kí àìsàn náà tó yọjú. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé yìí ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹ wo ọjọ́ orí tí yóò ká wọn mọ́.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onírin tí ẹ ṣe sínú ilé náà tún ń kọ mí lóminú. Àwọn òpó tí wọ́n rì láti gbé òrùlé nìkan lẹ so ó mọ́, bí èèyàn mẹ́ta bá sì jọ rìn lórí rẹ̀, omi inú ife á máa mì. Mo béèrè ìṣirò ẹnjinníà, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Nínú Èkó tí ilé alájà 21 ti wó ní Ìkòyí lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, ìwé ni mo fẹ́ rí.

Ẹ fi owó ara yín wá àwọn tó mọ iṣẹ́ asbestos. Kí wọ́n fi omi rin páànù náà, kí wọ́n tú u lódindi, kí wọ́n sì fi ọ̀rá nínípọn dì í kó tó kúrò nínú ọgbà. Ẹ mú ìṣirò pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wá, pẹ̀lú ìwé àṣẹ LASPPPA (àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé) àti ìwé-ẹ̀rí LASBCA (àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣàbójútó ilé kíkọ́) pé ilé náà yẹ fún lílò; ẹ ti gba owó ìwé méjèèjì lọ́wọ́ wa.

Mo ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wa máa ṣiṣẹ́ láti ilé wọn. Kọ́bọ̀ nínú owó iṣẹ́ yòókù ò ní kúrò lọ́wọ́ wa títí òrùlé yẹn yóò fi kúrò. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí n ò rí èsì yín nínú ìwé, LASBCA ni màá fi ẹjọ́ náà sùn.

Èmi ni,
Alábòójútó Ọ́fíìsì, Ìlúpéjú, Èkó.