Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ẹ bá wa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí lásìkò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Ọ̀kun sọ̀rọ̀, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà lókè òkun. Láti Kàbbà dé Ìsánlú, a ní àwọn ọmọ tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì, tí wọ́n ń kọ́ni nílé ìwé girama, tí wọ́n sì ń retí ìgbà tí yunifásítì kan yóò gbà wọ́n síṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n ń pè ní postdoc, tó sábà máa ń sanwó fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wà káàkiri àgbáyé, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì béèrè orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá.

Iṣẹ́ yìí ní àsìkò tirẹ̀. Nínú físíìsì oníṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀, púpọ̀ nínú ìpolówó rẹ̀ máa ń jáde láti oṣù Kẹsàn-án, wọn a sì parí ìgbàwé, ìyẹn gbígba ìwé ìbéèrè iṣẹ́, kí ọdún tó tán, fún iṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn òyìnbó tàbí lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún kejì. Orí INSPIRE àti AcademicJobsOnline, ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. ICTP, ibùdó ìwádìí físíìsì àgbáyé tó wà ní Trieste, lórílẹ̀-èdè Ítálì, tí Abdus Salam ọmọ Pakistan dá sílẹ̀ ní 1964 nítorí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa, náà máa ń gba irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín wá postdoc, gbájúẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù ni lẹ́tà ìjẹ́rìí, èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ ẹni tó mọ̀. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè, ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ rí i: ímeèlì ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi ìsopọ̀ tí yóò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí. Mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ tí ìgbàwé kan parí. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, lẹ́tà méjì ti wọlé, ẹ̀kẹta kò tíì dé. Ó pe olùkọ́ rẹ̀, èsì tó gbà ni pé, “Kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i.” Ago méjìlá òru lù, gbogbo iṣẹ́ tó fi oṣù púpọ̀ ṣe sì já sí asán.

Bí lẹ́tà náà bá tilẹ̀ dé, ó yẹ kó ní ìwúlò. Pé ọmọ náà níwà, pé ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń yan ènìyàn ń wá nìyẹn. Wọ́n fẹ́ mọ ìṣòro tó yanjú, ipa tí òun gan-an kó nínú ìwádìí tí ẹ jọ ṣe, àti ipò tó wà láàárín àwọn tí ẹ ti kọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà wọ̀nyí láti oṣù Kẹjọ, kí ẹ sì ka àlàyé ìwádìí tí ọmọ kọ kó tó fi ránṣẹ́. Olóòtú, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ àwọn ọjọ́ ìparí ìgbàwé náà jáde lóṣù Kẹsàn-án ọdọọdún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogi.