Iye ọmọ tí obìnrin ń bí ní Áfíríkà: ẹ má fi mọ sí orúkọ orílẹ̀-èdè

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àtẹ tí ẹ gbé jáde lórí ọmọ bíbí ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ kú iṣẹ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ìwé ìròyìn ló ń fàyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò bá àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ jà. Òṣùwọ̀n tí ẹ lò àti ibi tí ẹ pààlà sí ni mo ní àríwísí sí.

Iye ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún kan nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ẹ lò. Èyí wúlò fún ìjọba tó fẹ́ mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí yóò rà, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá obìnrin ibẹ̀ ń bímọ púpọ̀ tàbí díẹ̀, torí pé ibi tí ọ̀dọ́ bá ti pọ̀, ìkókó yóò máa pọ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ méjì-méjì ni oníkálukú ń bí. Ẹ wo Kẹ́ńyà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, obìnrin kan níbẹ̀ ń bí ọmọ bíi mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ní 2022, ó ti wálẹ̀ sí 3.4. Síbẹ̀, àwọn ará ìlú tí wọ́n jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 nínú ìkànìyàn 1979 ti lé ní mílíọ̀nù 47 ní 2019, nítorí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí nígbà tí ọmọ ń kún ilé ló wá di abiyamọ. Ẹni tó bá ń wo iye ènìyàn nìkan yóò rò pé nǹkan kan kò yí padà.

Òṣùwọ̀n tó tọ́ fún irú ìfiwéra yìí ni iye ọmọ tí obìnrin kan yóò bí títí ìgbà ọmọ bíbí rẹ̀ yóò fi kọjá. Bí wọ́n ṣe ń rí i ní Nàìjíríà ni pé àwọn olùwádìí á wọ ilé tí wọ́n ti ṣà sílẹ̀, wọ́n á jókòó ti obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49, wọ́n á sì bi í ní ìgbà tó bí ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí títí dé àbíkẹ́yìn, àtèyí tó wà láàyè àtèyí tó ti kú. (Iṣẹ́ ńlá nìyẹn nílẹ̀ tí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.) Ní 2018, obìnrin tó lé ní 41,000 ló dáhùn. Ìwádìí báyìí kò dúró de ìkànìyàn, àǹfààní tí kò kéré fún orílẹ̀-èdè tó kànìyàn kẹ́yìn ní 2006.

Ìdáhùn àwọn obìnrin náà ló jẹ́ kí n sọ pé ibi tí ẹ pààlà sí kò tó. Ọmọ 5.3 ni ti Nàìjíríà lápapọ̀ ní 2018, ṣùgbọ́n 3.4 ni ti Èkó, 7.3 sì ni ti Katsina. Èkó bá Kẹ́ńyà dọ́gba; Katsina sì sún mọ́ orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò rẹ̀, tó wà ní 7.6 nínú ìwádìí 2012, ju bó ṣe sún mọ́ Èkó lọ. Nọ́ńbà tí à ń pè ní ti Nàìjíríà kò bá èyíkéyìí nínú ìpínlẹ̀ méjèèjì mu. Kẹ́ńyà pàápàá kò ṣọ̀kan: 2.5 ni Nairobi, 7.7 ni Mandera. Ní Etiópíà ní 2016, 4.6 ni gbogbo orílẹ̀-èdè, àmọ́ 1.8 péré ni Addis Ababa, èyí tí kò tó láti fi rọ́pò bàbá àti ìyá.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀sìn ló fa ìyàtọ̀ yìí. N kò gbà. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Tùníṣíà, nǹkan bí ọmọ méje sì ni obìnrin kan ń bí níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n Habib Bourguiba, olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà náà, ti fi òfin 1956 ka ìyàwó púpọ̀ léèwọ̀, ìjọba rẹ̀ sì fi ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin àti ìfètòsọ́mọbíbí tẹ̀lé e, débi pé nígbà tí yóò fi di ọdún 2000, iye náà ti wálẹ̀ sí bíi méjì. Nínú ìwádìí tiwa ní 2018, obìnrin tí kò lọ ilé ìwé rárá wà ní 6.7, ẹni tó kàwé kọjá girama sì wà ní 3.4. Ikú ọmọdé náà ń dá kún un: ìwádìí kan náà fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí, 132 ni kò pé ọmọ ọdún márùn-ún. Òbí tí ẹ̀rù ikú ń bà kò lè fi ọkàn balẹ̀ sórí ọmọ méjì. Àwọn tó ń sọ ọmọ wọn ní Málọmọ́ àti Kòkúmọ́ láyé àtijọ́ mọ ohun tí ojú wọn rí.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún fẹ́ gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí síbẹ̀, ẹ kọ ọdún ìwádìí sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì to àwọn ìpínlẹ̀ àti agbègbè sábẹ́ orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ bá wa wá ti agbègbè Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin pẹ̀lú, níbi tí Kétu wà. Benin lápapọ̀ wà ní 5.7 nínú ìwádìí 2017 sí 2018, gúúsù-ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà sì wà ní 3.9 ní 2018. Ó yẹ kí àwa òǹkàwé yín mọ èwo nínú méjèèjì ni àwọn ará wa ní Kétu sún mọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn