Ẹ ka ara yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Èmi aláró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mò ń kọ ìwé yìí. Ọmọ ọmọ mi tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù náà ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn mẹ́fà, jáde lọ ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀kan nínú wọn lápá Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Wọ́n jẹ písà, wọ́n mu kọ́kítéèlì, wọ́n ya fọ́tò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi náà ti jẹ písà rí: búrẹ́dì pẹlẹbẹ, tòmátò, àti wàrà tó yọ́ tó ń fà bí ilá. Ó dùn, àmọ́ mo ṣì ro láfún lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí n tó sùn, nítorí kò ṣe mí bí ẹni tó jẹun.

Àwọn mẹ́fà ló lọ. Àwọn márùn-ún ló délé.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù, fóònù mi dún. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan o. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù òdìkejì ni. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọmọ yín jókòó sétí gọ́tà níbí, kò lè dìde. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀." Ìró tí mo fi ń sùn náà ni mo ró wọ Micra. Nígbà tí mo débẹ̀, ọlọ́dẹ náà ti bọ́ kóòtù rẹ̀ bò ó léjìká, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó jìnnà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò ó sí nǹkan mìíràn. Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ ọmọ tirẹ̀ náà.

Mo gbóòórùn ẹnu ọmọ ọmọ mi. Láti 1971 ni mo ti ń rẹ aṣọ láró, imú ni mo fi ń mọ̀ bí ìkòkò bá ti tó. Ọsàn àti ṣúgà nìkan ni mo gbọ́. "Kí lo mu?" Ó ní, "Tíì ni, Màmá. Ife mẹ́ta."

Tíì! Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní Long Island Iced Tea fún mi: fọ́díkà, jíìnì, rọ́ọ̀mù, tẹ̀kílà, ọtí ọsàn kan lé e, kí wọ́n wá bu kóòkì díẹ̀ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè jọ ti tíì. Ewé tíì kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀. Ògógóró tiwa, kó tó kan ètè ni imú ti kìlọ̀ fún ọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí ni mo bá wá. Ẹ̀yin márùn-ún ni mò ń bá wí. Ẹ ya fídíò, mo ti wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ẹnìkan nínú yín gbé bàtà rẹ̀ sókè, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó di fóònù mú kò ráyè di apá ọ̀rẹ́ yín mú? Ẹnìkan ní òun rò pé ó ti bá lágbájá lọ. Lágbájá rò pé ó bá tàmẹ̀dò lọ. Ẹ rò! Ta ló kà yín?

Ní 1973, ọdún tí náírà dé, ọmọ ogún ọdún ni mí. Àwa mẹ́rin tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ lọ òde kan ní Kémta. Àṣà wa ni pé kí a tó kúrò lóde, àgbà inú wa á fọwọ́ kan wa lórí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni àgbà. Ọkùnrin kan ní òun á fi mọ́tò gbé wa, ara mi ti wà lọ́nà, n kò kà wọ́n. Àwa mẹ́ta la padà. Òwúrọ̀ la tó rí ìkẹrin wa. Yẹtí rẹ̀ ti lọ, èjìká bùbá rẹ̀ ti ya. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi náà kò sì bi í. Ó ti lọ sọ́run báyìí. N kò bi í títí ó fi lọ.

Ẹgbẹ́ Àáró ni Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá ayé àtijọ́, fi kó àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó dìde sí àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́. Mo ro oko rẹ lónìí, o ro tèmi lọ́la. Ẹ fi òde yín náà ṣe àáró. Lónìí, èmi ni n kò ní mu, èmi ni màá máa ka ife, èmi ni màá kà yín délé. Nígbà tí ọjọ́ ìbí mìíràn bá dé, ó kàn ọ́. Ẹ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó wakọ̀ lẹ́yìn ife mẹ́ta, tiẹ̀ dọjọ́ mìíràn, inú ti ń bí mi jù báyìí.

Ẹ má rò pé písà á dá ọtí dúró. Ó kàn ń jẹ́ kó rọra wọ ara ni. Omi tútù àti kọfí kò lè lé e jáde. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wákàtí ló sì ń gbà. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ló ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ọmọ náà, kí n má dá a dùbúlẹ̀ ní ìdojúkọ òrùlé, kí èébì má baà há a lọ́nà ọ̀fun. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ẹ bá pe ẹnìkan tí kò dáhùn, tàbí tí èémí rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló wà lódìkejì lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Mò ń po aró, mò ń rò ó.

Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fọ ẹrẹ̀ gọ́tà kúrò lára rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ẹsẹ̀ òsì ni mo rí nínú fídíò. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó mú un wá sí Ìtòkú. Màá bínú díẹ̀, àmọ́ láfún àti ewédú á wà nílẹ̀. Kí ẹ̀yin márààrún jọ wá o. Màá kà yín.