Àṣàkẹ́, kí o tó lọ kọ́ àwọn ọmọ yẹn

Àṣàkẹ́ mi,

Mo gbọ́ pé ilé ọmọ òrukàn tó wà ládùúgbò yín ti gbà ọ́, pé gbogbo Sátidé ni wàá máa lọ kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́. O káre.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí o máa kọ́kọ́ mú kúrò lẹ́nu: "Mo ń bọ̀." Bí àwa Yorùbá bá dìde nílé onílé, ohun tí a máa ń wí nìyẹn, àgbà á sì mọ̀ pé a ti lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ̀. Yóò lọ jókòó sẹ́nu géètì, yóò máa wọ̀nà. Sọ fún un pé, "Mò ń lọ sílé, ó di Sátidé." Kí Sátidé sì bá ọ níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù bá ni agbára rẹ ká, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o bá ìyá tó ń bójú tó ilé sọ.

Bí wọn kò bá bèèrè lẹ́tà tàbí onídùúró lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó gbà ọ́ wọlé, fura. Bí wọ́n ṣe gbà ọ́ náà ni wọn á ṣe gba ẹnikẹ́ni. Bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ní ti fọ́tò, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí a má tú àṣírí rẹ̀, nítorí náà má gbé ojú wọn sórí WhatsApp, kódà bí olórí ilé bá ní kò burú.

Ẹ̀yìn oúnjẹ àárọ̀ ni kí o bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 ti tó, ṣùgbọ́n má fi gbogbo rẹ̀ ṣe nǹkan kan: ọmọ ọdún mẹ́ta kì í sábà tẹ́tí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kọrin díẹ̀, kọ lẹ́tà díẹ̀, ṣeré, kí o wá pa àlọ́ kan. Ọmọ mẹ́jọ ni kí o mú lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tó ogún, wá ẹnì kejì.

Má to lẹ́tà 25 sílẹ̀ níwájú wọn. Fáwẹ̀lì méje ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì lọ́jọ́ kan. Àmì abẹ́ lẹ́tà ló máa ń dà wọ́n láàmú. Fi ṣọ́ọ̀kì kọ "oko" gàdàgbà sórí símẹ́ńtì, jẹ́ kí wọ́n pè é. Kí ọmọ kan wá fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ "o" méjèèjì. Ó di "ọkọ". Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní gbàgbé.

Pẹ́ńsù tuntun gùn jù fún ọwọ́ kékeré, ìdí rẹ̀ á máa wọ́ ọwọ́ sẹ́yìn. Gé e sí méjì, kí o gbẹ́ méjèèjì lẹ́nu. Méjìlá á di mẹ́rìnlélógún. Kà wọ́n kí o tó kúrò, nítorí ẹnu ṣóńṣó àti ojú ọmọdé kò gbọdọ̀ jọ sùn nínú yàrá kan. Ọmọ tó bá ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, fi í sílẹ̀, kí o sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbá ọwọ́ yẹn.

Má fi ẹ̀wà tàbí àgbàdo kọ́ wọn ní ìṣírò. Ọmọ á kì í bọ imú, ẹ̀wà á rin, á wú, ó di ilé ìwòsàn. Ìdérí ike omi ló dára, mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ojú ìwé "Ìdílé Mi" tó ní kí ọmọ ya bàbá àti ìyá rẹ̀, fò ó. Ní kí wọ́n ya àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun. Má bi wọ́n ní oríkì, má bèèrè ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ. Òmíràn nínú wọn, ìyá rẹ̀ wà láyé. Àìsàn tàbí àìní ló gbé e débẹ̀. Bí ọmọ bá pè ọ́ ní Mọ́mì, rọra ní, "Àǹtí ni mí," kí o máa bá iṣẹ́ lọ. Èyí tó dì mọ́ ọ láṣọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má jẹ́ kó wú ọ lórí. Àlejò ti wọlé-wọ̀de lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ẹni tó bá dé ló ń dì mọ́.

Bí o bá ra bisikíìtì, ìyá ilé ni kí o kó o fún. Bí ọmọ bá jẹ́ 31, ra 33, torí ọ̀kan ò ní ṣàì bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀.

Nígbà tí ó bá ku Sátidé mẹ́ta kí o ṣíwọ́, ya òbíríkítí mẹ́ta sórí páálí, kí wọ́n máa fagi lé ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fagi lé ìkẹta, dágbére fún wọn ní ojúkojú, kódà bí wọ́n bá ń sunkún.

Mo ti di ìdérí ike 200 sínú àpò kan, awakọ̀ á gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì. Fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí o tó lò wọ́n.

Èmi ni,
Ìyá rẹ